Ìwé Méjì Olólùfẹ́ Fíìmù: Ti Ọjọ́ Ẹtì àti Ti Àmì-Ẹ̀yẹ

Ọ̀rọ̀ òní dá lé irú ènìyàn kan tó wà ní gbogbo àdúgbò, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pìtàn: ẹni tó mọ fíìmù tó jáde ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, tó mọ ẹni tó darí rẹ̀, tó mọ ọdún tí òṣèré kan kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ, tó sì tún lè ka àwọn tó bá a du ẹ̀yẹ náà lọ́dún ọ̀hún láìwo ìwé. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Iṣẹ́ òpìtàn ni onítọ̀hún ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ìwé méjì ló sì yẹ kó máa kọ: ọ̀kan fún ohun tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èkejì fún ohun tí àwọn adájọ́ fi ẹ̀yẹ dá lọ́lá. Ẹni tó bá ní ọ̀kan láìní èkejì, ìdajì ìtàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023, fíìmù méjì jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀kan ni A Tribe Called Judah, tí Funke Akindele gbé lọ sí ilé sinimá, ìtàn ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún tí kò sí méjì nínú wọn tó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Èkejì ni Breath of Life, iṣẹ́ BB Sasore, tó gba orí Prime Video jáde. Ìbàdàn ni ìtàn yẹn ti ṣẹlẹ̀. Ó dá lé àlùfáà ìjọ kan tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀, tó kẹ̀yìn sí Ọlọ́run, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, A Tribe Called Judah di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tí wọ́n ń pín àmì-ẹ̀yẹ Africa Magic Viewers' Choice Awards, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AMVCA, Breath of Life ni wọ́n pè ní fíìmù tó dára jù lọ, Wale Ojo tó ṣe àlùfáà inú rẹ̀ sì gba ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin àgbà.

Ẹni tó bá ní ìwé àmì-ẹ̀yẹ nìkan yóò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé Breath of Life ni fíìmù ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní ìwé Ọjọ́ Ẹtì nìkan, ti Funke Akindele ni yóò máa pa nítàn. Ẹni tó ní ìwé méjèèjì ló máa rí i pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì dé ayé, pé ohun tí àwọn ẹbí tó kó ọmọ lọ sí sinimá nígbà Kérésìmesì ń wá yàtọ̀ sí ohun tí adájọ́ ń wá, àti pé ilẹ̀ kan tó lè bí irú fíìmù méjì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ilẹ̀ tí iṣẹ́ fíìmù rẹ̀ kéré.

Bí ètò Ọjọ́ Ẹtì ṣe ń lọ kò ṣòroó yé. Ẹni tó ṣe fíìmù a kọ́kọ́ gbé e lọ fún National Film and Video Censors Board, iléeṣẹ́ ìjọba tí òfin kan lọ́dún 1993 dá sílẹ̀, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó: ti tọmọdé-tàgbà ni o, tàbí ti ẹni ọdún 12, tàbí 15, tàbí 18 sókè. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó ń pín fíìmù kiri, irú bíi FilmOne, yóò bá àwọn onísinimá jíròrò lórí ọjọ́ àti wákàtí. Ọjọ́ Ẹtì ni fíìmù máa ń bọ́ sójú agbo. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé bá fi mọ́, owó ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ti pé jọ, onísinimá sì ti mọ fíìmù tí òun yóò fi wákàtí ìrọ̀lẹ́ fún. Èyí tí àga rẹ̀ ṣófo ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, wọ́n lè tì í sí àárọ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá pé, ó lè má sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Fíìmù rere ti kú báyìí rí kí ẹni tí ìbá fẹ́ràn rẹ̀ tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé oṣù Kejìlá ni ọjà náà máa ń gbóná jù. The Wedding Party ti Kemi Adetiba wọ sinimá ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2016. Omo Ghetto: The Saga jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020. A Tribe Called Judah, a ti sọ tirẹ̀. Everybody Loves Jenifa tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọjọ́ Ẹtì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Funke Akindele ló sì wà nídìí mẹ́ta nínú wọn. Síbẹ̀ ìwé ọ̀sẹ̀ yìí kan náà tún ní ẹ̀rí mìíràn nínú. King of Thieves, tí a mọ̀ sí Agẹṣinkólé, jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2022. Kì í ṣe àsìkò ọdún, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pa ju 300 mílíọ̀nù náírà lọ. Ẹni tó ń sọ pé fíìmù elédè Yorùbá kò lè kún sinimá àyàfi tí ó bá jẹ́ ìgbà Kérésìmesì, ìwé ti já a nírọ́.

Ará Kankon, ní agbègbè Badagry wa yìí, tó bá fẹ́ wo fíìmù lọ́jọ́ tó jáde ní ìrìn í rìn. Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lẹ́kí àti Victoria Island ni àwọn ilé sinimá ńlá pọ̀ sí, ọ̀nà Badagry sì nìyẹn, ẹni tó ń gbà á mọ̀ ọ́n. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ á tún gun orí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dúró kí fíìmù dé orí Netflix tàbí Prime Video, tàbí kí wọ́n kúkú wo ti YouTube. Ti YouTube yìí gan-an ló mú kí ìwé ọ̀sẹ̀ di kòṣeémánìí. Níbẹ̀, kò sí Ọjọ́ Ẹtì mọ́. Fíìmù Yorùbá tuntun ń jáde lójoojúmọ́, òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ kan náà a sì máa wà lórí fíìmù mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ìkànnì bá pa á rẹ́, fíìmù lọ nìyẹn. Bí kò bá sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó jáde àti àwọn tó ṣeré nínú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé wọn ò ṣe é rí ni.

Kí ó tó di ti YouTube, ojú ọ̀nà tiwa yìí ni ọjà fíìmù wà. Kò sí ẹni tó ti Kankon wọ mọ́tò lọ sí Èkó láàárín ọdún 1990 sí 2010 tí kò ní gba iwájú Alaba International kọjá, ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry gan-an. Alaba àti Ìdúmọ̀tà ni orísun fídíò kásẹ́ẹ̀tì, àti ti síìdì tó wá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùtajà ibẹ̀ ló ń yan ọjọ́ tí fíìmù máa jáde, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri, mọ́ ara afárá, mọ́ ara mọ́tò, ọmọ títí á sì ti mọ orúkọ fíìmù kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé àdúgbò. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé Living in Bondage ti Kenneth Nnebue, lọ́dún 1992, ló ṣí ọjà fídíò sílẹ̀. Ìwé ẹni tó kọ ohun gbogbo sílẹ̀ yóò fi kún un pé Ade Ajiboye, tí wọ́n ń pè ní Big Abass, ti fi fídíò ya Ṣóṣó Méjì lọ́dún 1988, ní èdè Yorùbá. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe kékeré nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù.

Wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903, ní Glover Memorial Hall, l'Ékòó. Lẹ́yìn àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀, àwọn òṣèré orí ìtàgé Yorùbá fúnra wọn gbé iṣẹ́ wọn wọ inú fíìmù. Ajani Ogun ti Ola Balogun jáde lọ́dún 1976, Duro Ladipo àti Adeyemi Afolayan, tí ayé mọ̀ sí Ade Love, ṣeré nínú rẹ̀. Ìjà Òmìnira wá tẹ̀ lé e. Hubert Ogunde ṣe Ayé, ó ṣe Jáíyésinmi, ó ṣe Àròpin N'tènìà, ó sì fi Àyànmọ́ kádìí rẹ̀ lọ́dún 1988. Ade Love ṣe Kádàrá. Moses Olaiya Adejumo, Baba Sala wa, ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982, àwọn olè sì da fíìmù náà kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè tó ti ibẹ̀ wá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkùnrin náà. Láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé àwọn fíìmù wọ̀nyí kiri nígbà náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tàn án sára aṣọ funfun, nínú gbọ̀ngàn ìlú, nínú ọgbà ilé ìwé. Àwọn èrò ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí a lè rí nínú ìwé àmì-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa lónìí. Kì í ṣe pé wọn kò dára tó. Àmì-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí Peace Anyiam-Osigwe dá sílẹ̀, Africa Movie Academy Awards, tí a mọ̀ sí AMAA, ọdún 2005 ló bẹ̀rẹ̀, ní Yenagoa. Ogunde ti kú láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990. Ade Love ti kú láti ọdún 1996. Lọ́dún 2010, AMAA fún The Figurine ní ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ, Kunle Afolayan ló ṣe é, ọmọ Ade Love. Ọmọ gba ohun tí kò sí nílẹ̀ láti fún bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ fi mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀, inú ìwé kìíní, ìwé ohun tó jáde, ni yóò ti rí i.

Fíìmù àtijọ́ náà tilẹ̀ ń sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ Ola Balogun ni kò sí ẹni tó rí ẹ̀dà rẹ̀ tó dára mọ́. Ohun tó ń fúnni nírètí ni ti Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù pátápátá, àfi ìgbà tí wọ́n rí i nínú àwọn agolo fíìmù ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò mọ́. Iléeṣẹ́ Arsenal ní Berlin tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà lọ́dún 2018. Nítorí pé ẹnì kan mọ orúkọ rẹ̀, tó sì mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbì kan, ni wọ́n ṣe mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣí agolo náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé àmì-ẹ̀yẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olólùfẹ́ fíìmù máa bi í ni: ta ló yàn, òfin wo ló sì fi yàn?

Oscar, tí gbogbo ayé ń wárí fún, ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1929 ni wọ́n kọ́kọ́ pín in, nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Hollywood. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940 kí ènìyàn dúdú kankan tó gbà á: Hattie McDaniel, fún ipa ìránṣẹ́bìnrin inú Gone with the Wind. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fún un kò gba ènìyàn dúdú láyè, àánú ni wọ́n bẹ̀ kó tó wọlé, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n sì gbé tábìlì rẹ̀ sí, kúrò láàárín àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù náà. Ìwé àmì-ẹ̀yẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tábìlì yẹn kò sí nínú rẹ̀. Olólùfẹ́ tó ń ka ìtàn ló gbọ́dọ̀ fi kún un.

Ti Nàìjíríà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀yẹ kan wà nínú Oscar fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan a fi fíìmù kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́dún, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́dún 2019 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, Lionheart ti Genevieve Nnaji. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mọ́kànlá péré ni Igbo. Ọ̀pọ̀ bínú, wọ́n ní ìjọba amúnisìn ló gbé Gẹ̀ẹ́sì fún wa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin náà ti wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ tiwa ló sì yẹ kó kà á.

Ti ọdún 2022 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lókè òkun. Fíìmù mẹ́ta ló wà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yàn fún Nàìjíríà: Aníkúlápó ti Kunle Afolayan, Agẹṣinkólé, àti Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Biyi Bandele, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Yorùbá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ èdè tó da Lionheart nù kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ dìbò, ìbò tó borí sì ní kí wọ́n má fi ọ̀kankan ránṣẹ́. Àwọn kan nínú ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, AMVCA fún Aníkúlápó ní ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé Oscar nìkan yóò rò pé Nàìjíríà kò ṣe fíìmù kankan tó yẹ lọ́dún 2022. Ìwé Ọjọ́ Ẹtì ni yóò sọ fún un pé ọdún yẹn wà lára àwọn ọdún tó dára jù lọ fún fíìmù Yorùbá. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà ṣe kò dára, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ títí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Mami Wata ti C.J. Obasi ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ó yẹ kí ará Kankon fetí sí èyí. Dúdú-àti-funfun ni àwòrán rẹ̀, Píjìn ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n sì ti yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun kan náà tó ń fọ ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà fún Lílis Soares, obìnrin ará Brazil tó ya àwòrán rẹ̀, ní ẹ̀yẹ pàtàkì. Wọn kò mú un fún Oscar. Ìyẹn kò dín ẹwà rẹ̀ kù.

Láti Kankon, Cotonou súnmọ́ni ju Victoria Island lọ. Síbẹ̀, ojú Èkó nìkan ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo fíìmù. Tunde Kelani ti fi hàn wá pé ẹnubodè kò gbọ́dọ̀ dí wa lójú: lọ́dún 2006 ó bá Laha Productions ti Benin pawọ́ pọ̀ ṣe Abẹ́ní, ìtàn ìfẹ́ tó ń lọ láàárín Èkó àti Cotonou, tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá àti Faransé. Ní Ouidah, Jean Odoutan dá àjọ̀dún fíìmù Quintessence sílẹ̀. Ní Ouagadougou, láti ọdún 1969 ni FESPACO ti wà, tí wọ́n ń fi Ẹṣin Yennenga ta ẹni tó borí lọ́rẹ. Lọ́dún 2007, ọmọ Nàìjíríà, Newton Aduaka, ló gba ti wúrà fún Ezra. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè, ó lè má sí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹṣin wúrà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn yóò mọ ẹni tó gba Oscar.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kí agbègbè yìí fi kọ́gbọ́n jù lọ ni ti Ọba Ghezo ti Dahomey. Láàárín ọdún méjì, fíìmù ńlá méjì gbé e jáde. Èkíní ni The Woman King ti Gina Prince-Bythewood, tó wọ sinimá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti yà á, ọdún 1823 ni wọ́n sì fi ìtàn inú rẹ̀ sí, ìgbà tí Dahomey ń jà láti bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Viola Davis ni olórí àwọn jagunjagun obìnrin. Ẹni tó ṣe Ghezo ni John Boyega, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí i sí London. Jimmy Odukoya, òṣèré àti pásítọ̀ l'Ékòó, ló ṣe balógun Ọ̀yọ́, ọ̀tá inú ìtàn. Ẹ ro ìyẹn wò: ọmọ Yorùbá ló wọ aṣọ ọba tó ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó ń du Oscar ní oṣù Kìíní ọdún 2023, kò sí The Woman King níbi kankan nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé BAFTA ti Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ Davis àti Prince-Bythewood.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí fíìmù náà, nítorí ó fi Dahomey hàn bí ìlú tó fẹ́ fi òwò ẹrú sílẹ̀, nígbà tí ìtàn fi hàn pé Ghezo kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ta ló yẹ kó dá sí àríyànjiyàn yìí ju àwọn tó ń gbé láàárín Badagry àti ẹnubodè Sèmè lọ? Ogun Dahomey, tó kó Allada lọ́dún 1724 tó sì kó Ouidah lọ́dún 1727, wà lára ohun tó lé àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ará Ògù wá sí etí òkun yìí. Badagry fúnra rẹ̀ jẹ́ èbúté ẹrú. Dahomey, Ọ̀yọ́, Badagry: kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adájọ́ tó wà ní Los Angeles kò mọ èyí. Ará Kankon mọ̀ ọ́n, ìdájọ́ rẹ̀ lórí fíìmù náà sì níye lórí, ì báà jẹ́ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ tàbí pé ó kọ̀ ọ́.

Fíìmù kejì ni Dahomey, ti Mati Diop, ọmọ Senegal tí wọ́n bí sí Faransé. Àwọn ọmọ ogun Faransé tí ọ̀gágun wọn, Dodds, kó wọ Abomey lọ́dún 1892 kó ohun ọ̀ṣọ́ àti ère ààfin lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá 26 padà nínú wọn, Diop sì tẹ̀ lé wọn láti inú ilé ìṣẹ̀m̀báyé ní Paris títí dé Cotonou. Ère Ghezo, tí wọ́n fi nọ́ńbà 26 pè, ló ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Fọn ló ń sọ. Ẹni tó ń sọ Ògù ní Kankon yóò dá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ìyá kan náà ló bí èdè méjèèjì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ̀dún Berlin fún un ní Béárì Wúrà, ẹ̀yẹ wọn tó ga jù lọ. Lupita Nyong'o ni olórí adájọ́. Senegal fi í ránṣẹ́ sí Oscar, ó wọ àkójọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì dúró síbẹ̀.

Ohun ìyanu ni pé fíìmù kan tó ń sọ èdè tó súnmọ́ èdè tí wọ́n ń sọ lójú pópó Kankon gba ẹ̀yẹ tó tóbi jù ní Berlin, tí ọ̀pọ̀ ará ibí kò sì gbọ́. Kò wọ ìwé Ọjọ́ Ẹtì wọn. Fíìmù alákọsílẹ̀ tí kò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í rọrùn rí ní sinimá wa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìwé àmì-ẹ̀yẹ ìbá ti mọ̀ pé ó wà, ìbá sì ti wá a rí. Ibi tí ìwé kejì ti ń ran ìkíní lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, My Father's Shadow ti Akinola Davies Jr. wọ àjọ̀dún Cannes, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wà nínú ètò àgbà àjọ̀dún náà. Oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni ìtàn rẹ̀, bàbá kan kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì lọ sí Èkó ní ọjọ́ tí gbogbo ilẹ̀ ń retí èsì ìbò. Wọ́n sọ Yorùbá nínú rẹ̀, wọ́n sọ Píjìn, wọ́n sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àkókò Oscar tó, Ìlú Ọba ló fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀. Abẹ́ orúkọ Britain ni ìwé Oscar kọ ọ́ sí. Inú ìwé tiwa, Èkó ló yẹ ká kọ ọ́ sí, kí a sì kọ Britain lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí owó àti ọgbọ́n ìhà méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti David Oyelowo, tó ṣe Martin Luther King nínú Selma, àti Wunmi Mosaku, tí wọ́n bí ní Zaria tó dàgbà ní Manchester, tó ṣe Annie nínú Sinners lọ́dún 2025.

Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ra ìwé tó ní ẹ̀yìn líle. Fún fíìmù kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó darí rẹ̀, èdè inú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á, àti ibi tí ẹ ti wò ó. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀yẹ tó bá gbà, àti ìdájọ́ yín, ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ kọ ti Benin mọ́ ti Nàìjíríà. Ẹ má ṣe fi sórí fóònù nìkan. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn: ọjọ́ tí Ogunde tàbí Baba Sala gbé fíìmù wá sí ìlú tí ẹ wà, gbọ̀ngàn tí wọ́n lò, iye tí ẹ san. Ẹni tó bá sì ní fídíò kásẹ́ẹ̀tì Yorùbá àtijọ́ nínú àpótí, kó má ṣe dà á nù, bí kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè fi wò ó mọ́. Kó da ohun tó wà lára rẹ̀ kọ: orúkọ rẹ̀, ọdún rẹ̀, àti orúkọ gbogbo òṣèré tó wà lára páálí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.